Ọkọ̀ Tí Owó Mi Ká

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà ló wà nínú agolo Bọ́ńfítà.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, kò pọ̀ sí i.
Ìbídùnní ní, "Bàbá Dúrótoyè, ọmọ orí òkè ni wá l'Ékìtì,
kí ló kàn wá kan ọkọ̀ ojú omi?"
Mo ní omi ló kọ́kọ́ wá kàn wá.
Ìjọba dí odò ní Ìkún, odò gun orí oko bàbá mi;
ibi tí mo ti ń wa ewùrà
ni àrọ̀ ti ń fi irùngbọ̀n túlẹ̀ báyìí.
Èmi náà tẹ̀ lé oko mi wọnú omi.

Ọkọ̀ onígi tí mo kọ́kọ́ ní, ìdí rẹ̀ ti dẹ̀
bíi búrẹ́dì tó pẹ́ nínú tíì.
Wọ́n ní alumí kì í jẹrà.
Wọ́n ní.

Méjì ló wà lẹ́yìn ilé Arówólò, lábẹ́ igi káṣú.
Èkínní ń dán: ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run, ọ̀dà tuntun,
ẹ́ńjìnì lẹ́yìn, àga tó ń yí bíi ti onígbàjámọ̀.
Arówólò fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ẹṣin:
"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà okòólélọ́ọ̀ọ́dúnrún. Nítorí pé ìwọ ni."
Nítorí pé èmi ni! Inú mi dùn díẹ̀,
kí n tó rántí pé ohun tó sọ fún tíṣà àgbà lánàá nìyẹn.

Òṣúntúyì tó ń jó irin ní ọ̀nà Ọ̀tùn ti kìlọ̀ fún mi:
ọ̀dà tuntun lára ọkọ̀ àgbà, àtíkè ni,
bèèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.
Ó ní kí n fìka kan pákó ẹ̀yìn, ibi tí ẹ́ńjìnì jókòó lé:
bó bá dún kó, ó yè;
bó bá dún pù, fi í sílẹ̀ fún olówó.

Mo kàn án.
Pù.
Mo tún kàn án, bóyá èmi ni mi ò kàn án dáadáa.
Pù.

Èkejì dojú délẹ̀ nínú ewé gbígbẹ,
adìyẹ kan ti yé sábẹ́ rẹ̀.
Imú rẹ̀ tẹ̀ wọnú, kò ní ẹ́ńjìnì, kò ní àga,
ẹnì kan ti fi ìṣó họ SÚLÈ sí etí rẹ̀.
A yí i padà. Adìyẹ bínú.
A gbé e lé búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, mo ní kí wọ́n bá mi pọnmi wá.
Arówólò ní, "Inú omi la fi ń dán ọkọ̀ wò,
ìwọ fẹ́ da omi sínú ọkọ̀?"
Mo ní omi tó bá lè jáde, ó lè wọlé.

Garawa méje.
Mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ bí àna tuntun,
mo ń ka ìṣó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mẹ́ta ń sunkún. Ìyókù gbẹ.
Mẹ́ta, òòlù Òṣúntúyì á rẹ̀ wọ́n lẹ́kún láàárín ọ̀sán kan.

Arówólò pe igba. Mo pe ọgọ́fà.
Ó pe ìyá rẹ̀ tó ti kú ṣe ẹlẹ́rìí.
Mo gbé fìlà mi, mo ti dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó tó pè mí padà.
Ọgọ́jọ, ẹyin adìyẹ kò sí nínú rẹ̀.

Ọmọkùnrin mẹ́rin gbé e lórí gba àárín ìlú kọjá.
Ọmọdé kan dá orin dúró, ó bèèrè pé ta ló kú.
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí dé iwájú ilé mi.
Ìbídùnní jáde tòun ti ọmọ odó lọ́wọ́,
ó rìn yí i ká,
ó fi ọmọ odó kan ìdí rẹ̀.
Kó.
Kò sọ nǹkan kan. Ó wọlé, ó gbé agolo jáde,
ó ka ẹgbẹ̀rún ogójì tó kù, ó yọ owó àjẹ̀ sọ́tọ̀,
ó ní, "Méjì ni kó o rà.
Èmi ni màá jókòó níwájú."